Las Vegas Nígbà Ooru: Aṣọ Tó Bo Ara Ló Ń Tu Ara

Obìnrin tó bá ń múra ìsinmi lọ sí Las Vegas lóṣù keje tàbí oṣù kẹjọ, aṣọ aláìlápá, síkẹ́ẹ̀tì péńpé àti gáwùn tó fún mọ́ ara ló sábà máa ń kọ́kọ́ kó sínú báàgì. Èrò rẹ̀ ni pé bí ooru bá ṣe pọ̀ tó ni aṣọ yẹ kó kéré tó. Ní Èkó, kò kúkú ṣì í. Omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ Èkó, òógùn kì í tètè gbẹ lára, atẹ́gùn tó bá fẹ́ sí apá àti ẹsẹ̀ tó wà níta ló ń tuni lára. Ṣùgbọ́n inú aṣálẹ̀ Mojave ni Las Vegas wà. Lóṣù keje, ooru ọ̀sán ibẹ̀ sábà máa ń wọ 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì dé 48.9 lọ́jọ́ 7 oṣù keje ọdún 2024. Irú rẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀ ìlú náà ṣáájú ìgbà yẹn. Awọ ara èèyàn kò sì gbóná ju nǹkan bíi 35 lọ. Atẹ́gùn tó gbóná ju ara lọ kò lè tu ara, ńṣe ni yóò máa kó ooru wọ̀ ọ́. Ẹ fojú inú wo ọyẹ́ tí wọ́n yọ òtútù rẹ̀ kúrò tí wọ́n sì dáná sí i nídìí: ètè á là, ihò imú á gbẹ, òógùn á ti gbẹ kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ làágùn.

Iṣẹ́ méjì ni aṣọ ní láti ṣe níbẹ̀. Kó ṣíji bo awọ ara, kó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti ara kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn Bedouin, ìyẹn àwọn Lárúbáwá darandaran tó ń gbé inú aṣálẹ̀, ti mọ èyí tipẹ́. Lọ́dún 1980, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tẹ ìwádìí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature lórí ìdí tí àwọn Bedouin fi ń wọ aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ láàárín aṣálẹ̀. Wọ́n rí i pé aṣọ dúdú ń gba ooru oòrùn ju funfun lọ lóòótọ́, àmọ́ ooru tó dé ara ẹni tó wọ̀ wọ́n kò yàtọ̀ síra, torí pé aṣọ náà fẹ̀, àlékún ooru náà sì ń bá atẹ́gùn lọ kó tó dé awọ. Ẹni tó bá fẹ́ wọ dúdú, kó wọ̀ ọ́. Kó ṣáà má jẹ́ kó fún.

Nínú aṣọ gbogbo, línẹ̀n ló ṣáájú. Fọ́nrán rẹ̀ le díẹ̀, kì í lẹ̀ mọ́ ara, ó sì ń tètè gbẹ. Kọ́tìn fífúyẹ́ ló tẹ̀ lé e, pàápàá Swiss voile tó ní ihò ṣínṣìnṣín lára. Viscose, aṣọ tí wọ́n fi èròjà inú igi ṣe, náà ń tuni lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń sún kì. Àdìrẹ àti kàmpálà orí kọ́tìn dára púpọ̀. Ankara tó nípọn ṣeé fi rán síkẹ́ẹ̀tì tó ṣí dáadáa, kì í ṣe ṣòkòtò. Pọ́líẹ́sítà ni kó dúró sílé, òun àti léèsì olókùn tí wọ́n fi í hun, nítorí kì í fa òógùn mu, ó sì máa ń há ooru mọ́ abẹ́. Ọjà sì kún fún pọ́líẹ́sítà tó ń jẹ́ orúkọ mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà ní “àdìrẹ sílíkì” ni kò ní sílíkì kankan nínú. Ẹ fa fọ́nrán méjì mẹ́ta yọ láti etí aṣọ náà, ẹ fi ẹ̀mú kékeré gbá a mú lókè àwo, kí ẹ ṣáná sí i. Kọ́tìn, línẹ̀n àti viscose á jó bíi bébà, eérú wọn á sì fẹ́lẹ́. Sílíkì gidi á rùn bí irun tó jóná. Pọ́líẹ́sítà á yọ́, á sì dì sí kókó líle. Bí ẹ bá rí eérú àti kókó pọ̀, wọ́n pò ó mọ́ra ni.

Bùbú línẹ̀n ni aṣọ àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ rán. Bí ìwọ̀n láti èjìká dé ọrùn ẹsẹ̀ yín bá jẹ́ íǹṣì 56, iwájú àti ẹ̀yìn jẹ́ 112. Ẹ fi 6 kún un fún etí aṣọ àti ojú rírán, ó di 118, ìyẹn yáàdì mẹ́ta àti díẹ̀. Yáàdì mẹ́rin ni kí ẹ rà, torí línẹ̀n máa ń sún kì, kí fífẹ̀ rẹ̀ sì tó íǹṣì 54. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́jú, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó gbẹ, lẹ́yìn náà kí télọ̀ tó gé e. Bí ó bá gé e láìrẹ ẹ́, nígbà tí ẹ bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, aṣọ á gòkè dé agbede-méjì ojúgun, gbogbo ojú rírán á sì ṣù jọ. Òwú ìránṣọ tó jẹ́ pọ́líẹ́sítà kì í sún kì bíi línẹ̀n, ìyẹn ló fà á.

Ẹ jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bíi lẹ́tà V, kó jìn tó íǹṣì 6, kí ooru inú aṣọ lè rí ọ̀nà jáde lókè. Ẹ là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì títí dé abẹ́ orúnkún. Kí wọ́n ká etí rẹ̀ nísàlẹ̀ ní íǹṣì 2 gbáko, torí atẹ́gùn ibẹ̀ lágbára, etí tó wúwo díẹ̀ kì í jẹ́ kó gbé aṣọ sókè. Kó fi íǹṣì 3 jìnnà sí ilẹ̀, nítorí àtẹ̀gùn oníná pọ̀ nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ní àwọn afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lójú Strip, títì gbajúmọ̀ tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ibẹ̀ wà, ó sì máa ń gbá aṣọ gbọọrọ mú. Ẹ ní kó fi àpò sí ojú rírán ẹ̀gbẹ́. Síìpù irin lẹ́yìn? Rárá o. Ẹ jókòó sínú oòrùn díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ lára.

Ìró àti bùbá tún jẹ́ oríire fún irú ìlú báyìí, ó yà mí lẹ́nu pé àwọn obìnrin wa kì í sábà rò ó mọ́ ìsinmi. Bùbá línẹ̀n funfun tí kò kọjá ìdí, tí apá rẹ̀ fẹ̀ tó dé ìgbọ̀nwọ́, pẹ̀lú ìró àdìrẹ yáàdì méjì ààbọ̀. Ẹ jẹ́ kí télọ̀ fi bọ́tìnnì àtẹ̀mọ́ kan sí apá ibi tí ìró bá ti pàdé lórí itan, kí atẹ́gùn má baà ṣí i láàárín ìgboro. Tó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́lùú tuntun, ẹ fi omi tútù ṣàn án léraléra títí omi yóò fi mọ́. Ẹ wá fi aṣọ ìnujú funfun tó tutù ra á. Bí aṣọ ìnujú bá di búlúù, iṣẹ́ kò tíì tán, àga funfun etí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ á gbà nínú elú yẹn. Ẹ má sì wọ inú adágún náà pẹ̀lú rẹ̀, klórínì inú omi máa ń jẹ elú kúrò lára aṣọ.

Ohun tó máa ń dójú ti àlejò ni òtútù. Láti ìta tó gbóná 42, ẹ ó wọ inú hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní í pé tí òtútù á fi máa mú yín lápá. Yáàdì méjì Swiss voile ló máa gbà yín níbẹ̀: ìborùn ni nínú ilé, ìró lórí aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni lẹ́bàá omi, ìwérí ni nígbà tí ẹ bá fẹ́ wé e. Fún alẹ́, ibi kan ṣoṣo tí mo ti lè gba aṣọ òkè láyè ni jákẹ́ẹ̀tì kékeré tí kò dé ìbàdí, èyí tí ẹ ó gbé lọ́wọ́ nílẹ̀ gbígbóná tí ẹ ó sì gbé wọ̀ tí ẹ bá ti wọlé. Gáwùn sílíkì gidi lábẹ́ rẹ̀, ó tán. Ilé ijó ibẹ̀ kì í sábà gba sálúbàtà pẹlẹbẹ tàbí aṣọ eré ìdárayá, ẹ ka òfin ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó jáde.

Ní ti àwọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tó máa wà lẹ́yìn yín nínú fọ́tò. Àpáta Valley of Fire, ọgbà ìgbafẹ́ kan nítòsí Las Vegas, pupa fòò, ẹni tó bá wọ pupa tàbí àwọ̀ osùn á sọnù sínú rẹ̀. Funfun àti búlúù elú ló máa ń jáde níbẹ̀. Níbi Seven Magic Mountains, òkúta tí oníṣẹ́ ọnà Ugo Rondinone kùn ní àwọ̀ tó ń dán yinrin, aṣọ aláwọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ. Ankara olódòdó á bá àwọn òkúta náà jà. Lójú Strip, ẹ lo ohun tó bá wù yín: yẹ́lò àtalẹ̀ pupa, ọsàn, àwọ̀ ewé. Awọ dúdú máa ń gbé irú wọn yọ dáadáa. Ẹni tó bá wọ línẹ̀n funfun, kó wọ kọ́mú àti pátá tó bá àwọ̀ ara tirẹ̀ mu. Funfun lábẹ́ funfun máa ń hàn ketekete. Ẹni tí itan rẹ̀ máa ń ra ara, kó wọ níkà kọ́tìn tó dé agbede-méjì itan.

Bàtà gba ìrònú ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wà ní 40, ọ̀dà ojú títì lè kọjá 60, ìyẹn tó láti jó àtẹ́lẹsẹ̀ tó bá kàn án. Strip gùn ju kìlómítà 6 lọ, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì sì tóbi débi pé èyí tó dà bíi pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lè gbà yín ní ìrìn ìṣẹ́jú ogún. Ẹ wá sálúbàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, tí wọ́n rán, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ nìkan, torí gọ́ọ̀mù máa ń rọ̀ nínú ooru, àgàgà bí ẹ bá fi bàtà sílẹ̀ sínú ọkọ̀. Ẹ rà á kó fi ààbọ̀ nọ́ńbà tóbi sí i, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú. Gìgísẹ̀ gbígbòòrò tó ga ní íǹṣì 2 tó fún alẹ́.

Orí wá kù. Irun dídì tó dé èjìká sàn ju èyí tó dé ìdí lọ. Àtáṣì púpọ̀ wúwo, ó sì ń gbóná lọ́rùn. Kí ẹ tó wọ inú adágún, ẹ fi omi tó mọ́ rin irun náà gbingbin, irun tó ti mu omi tẹ́lẹ̀ kì í fa klórínì mu púpọ̀. Akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ gbòòrò tó íǹṣì 4 ṣe pàtàkì, àmọ́ ẹ fi téèpù wọn orí yín lẹ́yìn tí ẹ bá dirí tán. Fìlà obìnrin tí wọ́n ń tà sábà máa ń wà fún orí tó tó íǹṣì 22 àti díẹ̀. Orí tó dirí lè wọ 24 tàbí 25. Tí kò bá wọ̀, ẹ ra èyí tí àárín rẹ̀ ṣí. Ẹ tẹ́ sátíìnì sínú rẹ̀ kí koríko fìlà má baà gé irun iwájú. Gèlè aṣọ òkè, ẹ fi í sílẹ̀ de ìnáwó.

Awọ dúdú náà nílò ìpara tó ń dènà oòrùn. Èyí tó ní zinc oxide tàbí titanium dioxide nìkan máa ń fi eérú funfun sílẹ̀ lójú, nítorí náà ẹ wá èyí tí wọ́n pò mọ́ àwọ̀ ara. Iron oxide tó ń fún un ní àwọ̀ yẹn tún ń ran awọ lọ́wọ́ kí àmì dúdú má pọ̀ sí i. Ìlà ìka méjì ni ti ojú àti ọrùn, nǹkan bíi mílílítà 30 ni ti gbogbo ara tó wà níta, kí ẹ sì tún un pa ní wákàtí méjì-méjì. Ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó wọ línẹ̀n funfun. Avobenzone, kẹ́míkà adènà-oòrùn tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara oòrùn, máa ń bá irin inú omi ìfọṣọ ṣe pọ̀, á sì di àbàwọ́n bí ìpẹtà ní ọrùn àti apá aṣọ. Bí ẹ bá fi bíliìṣì sí i, ó burú sí i ni. Omi òroǹbó kíkan ni kí ẹ fi rẹ ojú ibẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣàn án, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Òrí, alẹ́ ni kí ẹ máa pa á. Ìgò onídèérí líle ni kí ẹ fi gbé e, torí ó máa yọ́ sínú báàgì.

Ẹ̀gbà idẹ àti góòlù ńlá máa ń gbóná lára bí oòrùn bá pa á. Ìlẹ̀kẹ̀, iyùn tàbí igi gbígbẹ́ ni kí ẹ lò lọ́sàn-án.

Fún ọjọ́ mẹ́rin, bùbú méjì, ìró àti bùbá kan, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ méjì, gáwùn alẹ́ kan, jákẹ́ẹ̀tì, voile yáàdì méjì, akẹtẹ̀ àti bàtà méjì ti tó. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ní gbàrà tí ẹ bá jáde nínú omi, klórínì máa ń pa ìfà inú rẹ̀. Bí línẹ̀n bá ti rún nínú báàgì, ẹ gbé e kọ́, ẹ fi ọwọ́ wọ́n omi sí i lára, kí ẹ fa etí rẹ̀ sísàlẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn, á ti gbẹ, á sì ti nà, kí ẹ tó kun àtíkè tán.