Eré Ìwà Rere

Eré Ìwà Rere, tí orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ Good Behavior Game, jẹ́ ọ̀nà kan tí olùkọ́ fi ń kó kíláàsì níjàánu. Olùkọ́ á pín àwọn ọmọ sí ikọ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sì máa fi ìwà bá ara wọn díje. Ikọ̀ tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò bá kọjá iye tí olùkọ́ ti dá ló máa gba ẹ̀bùn. Kò sí pàṣán nínú rẹ̀, kò sì sí ìkúnlẹ̀: ẹni tó pàdánù kàn pàdánù ẹ̀bùn ni. Ọdún 1969 ni Harriet Barrish, Muriel Saunders àti Montrose Wolf kọ́kọ́ gbé ìròyìn rẹ̀ jáde nínú Journal of Applied Behavior Analysis.

Ìbẹ̀rẹ̀

Kíláàsì kẹrin kan ní ìpínlẹ̀ Kansas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Ọmọ 24 ló wà níbẹ̀, méje nínú wọn sì ti di ojúlùmọ̀ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé nítorí ọ̀rọ̀ sísọ, ìrìn-kiri àti àìgbọràn. Ìwà méjì péré ni olùkọ́ ní òun máa ṣọ́: dídìde láìgba àyè, àti sísọ̀rọ̀ láìgba àyè. Ó pín kíláàsì sí méjì. Bí ọmọ kan bá ti ṣẹ̀, olùkọ́ á fa àmì kan sábẹ́ orúkọ ikọ̀ rẹ̀ lójú pátákó. Ikọ̀ tí àmì rẹ̀ kéré jù ló borí, àmọ́ bí àmì àwọn méjèèjì kò bá kọjá iye tí olùkọ́ dá, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ borí. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe kókó, nítorí kò pọn dandan kí ẹnì kan ṣubú kí ẹlòmíì tó dìde.

Ẹ̀bùn wọn kò náni lówó. Àwọn tó borí á fi àmì ẹ̀yẹ sáyà, wọ́n á ya ìràwọ̀ síwájú orúkọ wọn, àwọn ni wọ́n á kọ́kọ́ tò fún oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn ọjọ́ ṣe ohun tó wù wọ́n. Àwọn tó pàdánù á máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Bí wọ́n ṣe dán an wò ló gbayì jù lójú àwọn onímọ̀ ìhùwàsí. Àsìkò ìṣirò nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré náà, wọ́n fi àsìkò ìwé kíkà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ariwo rọlẹ̀ nínú ìṣirò, kò rọlẹ̀ nínú ìwé kíkà. Wọ́n wá gbé eré náà kúrò nínú ìṣirò lọ sínú ìwé kíkà, ariwo náà sì ṣípò padà. Nígbà tí wọ́n ṣe é ní àsìkò méjèèjì, àwọn méjèèjì ló rọlẹ̀. Báyìí ni ó ṣe hàn pé eré náà gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Nínú ìṣirò, ìṣẹ́jú tí ẹnì kan sọ̀rọ̀ láìgba àyè wálẹ̀ láti bí 96 nínú 100 sí bí 19. Ti dídìde wálẹ̀ láti bí 82 sí bí 9.

Ọmọ méjì kan wà tí wọ́n kéde pé àwọn kò ṣe mọ́, wọ́n sì ń mọ̀ọ́mọ̀ kó àmì bá ikọ̀ wọn. Wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ikọ̀ náà kí ẹ̀ṣẹ̀ wọn má bàa máa jẹ àwọn yòókù níyà.

Èwo ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀?

Òfin tó yéni, àmì tí gbogbo ojú ń rí, ìdíje àti ẹ̀bùn ló para pọ̀ di eré yìí. Ní 1972, àwọn olùwádìí méjì, Medland àti Stachnik, tú u palẹ̀ ní kíláàsì karùn-ún kan láti mọ apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé àti pupa ni wọ́n fi ń jẹ́ kí ikọ̀ mọ ibi tó dúró. Nígbà tó yá, òfin àti iná nìkan, láìsí eré, dín ìwàkuwà kù gan-an. Ó dà bí ẹni pé kí ọmọ mọ ibi tí òun dé lójú ẹsẹ̀ ní agbára tirẹ̀, bí ẹ̀bùn ṣe ní tirẹ̀.

Àríwísí

Àríwísí tó wọ́pọ̀ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan ń ran ikọ̀ odindi. Ẹni tó bá lọ sílé ìwé ní Nàìjíríà á tètè mọ ohun tí wọ́n ń sọ: ẹnì kan pariwo, gbogbo kíláàsì kúnlẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀bùn ni ikọ̀ ń pàdánù níhìn-ín, ìrora kọ́. Àwọn ojúgbà sì lè fín ọmọ tó ń kó àmì jọ níràn, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gba olùkọ́ nímọ̀ràn pé kó da àwọn ọmọ pọ̀ mọ́ra nínú ikọ̀, kí àwọn alágídí má bàa kóra jọ sójú kan.

Àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn aláriwo, tí mọ́nítọ̀ máa ń kọ sí pátákó bí tíṣà bá jáde, fara jọ ọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni ló wà lójú pátákó yẹn, ẹgba ló sì sábà máa ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀ka 295 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù Nàìjíríà ṣì gba olùkọ́ láàyè láti fi lílù bá ọmọ wí, bí kò bá ti dá ọgbẹ́ sí i lára.

Ní àwọn ibòmíràn

Láti 1985 ni olùwádìí Sheppard Kellam àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì kìíní àti kejì ní ilé ìwé 19 ní ìlú Baltimore, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi di ọmọ ọdún 19 sí 21. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2008 sọ pé ìlòkulò oògùn dín kù láàárín àwọn ọkùnrin, pàápàá àwọn tó ti ń jà láti kékeré. Ó ti dé Sudan náà, níbi tí àwọn olùwádìí Saigh àti Umar ti lò ó ní kíláàsì kejì, tí ìwàkuwà sì dín kù (1983).

Ní England, ilé ìwé 77 ló kópa nínú ìwádìí ńlá kan láti 2015. Ìròyìn 2018 sọ pé eré náà kò gbé ìwé kíkà àwọn ọmọ ga ju ti àwọn tí kò ṣe é lọ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò ṣe é tó iye ìgbà tí ètò ní kí wọ́n ṣe é, àwọn ilé ìwé kan sì pa á tì kí ọdún méjì tó pé.