Fífẹ fẹ́ńdà ọkọ̀ lójú

Fífẹ fẹ́ńdà lójú ni iṣẹ́ tí àwọn páńẹ̀lì bítà ń ṣe sí irin tó bo táyà lórí, kí táyà tó fẹ̀ ju èyí tí ọkọ̀ bá dé lè máa yí níbẹ̀ láìha irin. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ pàápàá ń ṣe é: Porsche 911 Turbo ti 1975 àti BMW M3 ti 1986 ní fẹ́ńdà tó yọ síta ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ní Àbújá, ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Apo àti Kugbo ni páńẹ̀lì bítà pọ̀ sí.

Kí ẹnikẹ́ni tó mú òòlù, kó kọ́kọ́ wọn ọkọ̀. Táyà 205/55R16 fẹ̀ ní mìlímítà 205, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 55 nínú 100 ìbú náà, ríìmù íǹṣì 16 ló sì ń wọ̀. Bí a bá fi 225/45R17 rọ́pò rẹ̀, gíga rẹ̀ látòkè délẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà (mìlímítà 632 di 634), ṣùgbọ́n ó fi mìlímítà 10 fẹ̀ síta, ó fi 10 fẹ̀ sínú. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í wò ni nọ́ńbà ET ara ríìmù, tó ń sọ bí ojú ríìmù tó kan họ́ọ̀bù (irin tí wọ́n ń de ríìmù mọ́) ṣe jìnnà tó sí àárín ìbú ríìmù. Bí ET bá já láti 45 sí 35, ríìmù tún bọ́ síta ní mìlímítà 10. Táyà tó yẹ kó yọ ní 10 ti yọ ní 20 nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ríìmù tí ET rẹ̀ bá ọkọ̀ mu ti tó. Kò sí ìdí láti fọwọ́ kan fẹ́ńdà.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kíká etí fẹ́ńdà, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ sínú, tí ọwọ́ máa ń kàn bí a bá ki ìka bọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n á tú táyà, wọ́n á de irinṣẹ́ tó ní rólà mọ́ họ́ọ̀bù, wọ́n á sì máa fi tẹ etí náà sókè díẹ̀díẹ̀. Atẹ́gùn gbígbóná ni wọ́n fi ń yá ọ̀dà rẹ̀ kó má baà sán. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ yìí láàárọ̀ ọyẹ́ gbọ́dọ̀ ní sùúrù dáadáa.

Nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi de fẹ́ńdà iwájú. Bó bá bàjẹ́, a lè ra òmíràn. Tẹ̀yìn kò rí bẹ́ẹ̀. Létí rẹ̀ ni wọ́n ti jó irin òde àti irin inú pọ̀, nítorí náà ẹni tó bá gé e dànù ti ya méjèèjì. Àfi kó tún wọn jó pọ̀, kó sì kùn wọ́n. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹrẹ̀ pupa á wọ àárín wọn lákòókò òjò, ìpẹtà á sì ti jẹ irin látinú kí ọ̀dà tó wú lóde. Àwọn mìíràn ń gé fẹ́ńdà, wọ́n á fi fáíbà bo ojú ibẹ̀.

Ọkọ̀ tí kò ha nígbà tó ṣófo lè ha bí ó bá kó èèyàn márùn-ún àti ẹrù lọ sí Kàdúná. Ẹrù kíkún ni kí a fi dán an wò: kí a yí ìdarí rẹ̀ débi tó parí sí, kí a sì gba orí bọ́ńpù kọjá. Bí ìlà dídán bá hàn léjìká táyà, fẹ́ńdà ṣì ń kàn án, ó sì lè gé táyà lójú ọ̀nà.