Ibi Tí Pàràkòyí Ti Ṣẹ̀ Nílẹ̀ Ẹ̀gbá

Nílẹ̀ Ẹ̀gbá àtijọ́, Ògbóni ló ń tọ́jú ìlú, Olórógun ń jagun, ti Pàràkòyí, ẹgbẹ́ àwọn olóyè oníṣòwò, sì ni ọ̀rọ̀ ọjà: ẹjọ́ gbèsè àti aáwọ̀ àárín oníṣòwò. Àwọn kan ní àwọn Sàró tó ti Freetown dé ló pín iṣẹ́ ìlú bẹ́ẹ̀. Rárá o. Wọ́n bá a nílẹ̀ ni.

Èmi gbà pé inú igbó Ẹ̀gbá ni Pàràkòyí ti ṣẹ̀, kí àwọn Ẹ̀gbá tó dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Ẹ wo àwọn ìlàrí tí Aláàfin rán wá. Aṣojú ọba ni wọ́n, àmọ́ ohun tó bá wù wọ́n nínú oko àti ẹrù ẹlòmíì ni wọ́n ń mú. Lísàbí fi ẹgbẹ́ àárò kó àwọn àgbẹ̀ jọ, ìtàn àwọn àgbà sì ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n dìde pa àwọn ìlàrí. Ta ló jẹ irú ìyà yẹn tí yóò tún jẹ́ kí ẹni tó mú idà lọ́wọ́ máa dá ẹjọ́ ọjà? Lójú tèmi, àwọn tó rántí ìlàrí ló gbé Pàràkòyí kalẹ̀.

Àṣà ọjà fúnra rẹ̀ ti ń fi hàn látijọ́ pé ọ̀tọ̀ ni ọjà, ọ̀tọ̀ ni ogun. Àgbẹ̀ á to iṣu sẹ́bàá ọ̀nà, á fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe iye owó rẹ̀, á fi ààlè sí i, á bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ń kọjá á mú iṣu, á fi owó sílẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀. Ti ológun kò rí bẹ́ẹ̀: a kì í bá Balógun dúnàádúrà, ohun tó bá kó lógun kì í ṣe olè lójú ẹnikẹ́ni, àlejò tí oníṣòwò ń pè ní oníbàárà sì ni ológun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fura sí.

Wọ́n á ní Ẹfúnróyè Tinúbú ńkọ́, obìnrin oníṣòwò tó ta ìbọn àti ẹ̀tù fún Ẹ̀gbá nígbà ogun Dàhòmì? Ìyálóde ni wọ́n fi í jẹ ní 1864, wọn ò fi í jẹ Balógun. Ẹnubodè nìkan ni ìwà oníṣòwò àti ti ológun ti pàdé, torí oníbodè ń ṣọ́ ìlú, ó tún ń gbowó lọ́wọ́ oníṣòwò. Ìdí nìyẹn tí ìjà ibodè kò fi tán.

Ní 1865, ìgbìmọ̀ G. W. Johnson, ọ̀kan nínú àwọn Sàró, bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí ẹrù. Ìjọba Ẹ̀gbá tuntun dé ní 1898, òyìnbó sì gbà á pátápátá ní 1914. Kóòtù gba ẹjọ́ gbèsè. Oyè Pàràkòyí ṣì wà, wọ́n ń jẹ ẹ́ nínú ìjọ àti ní mọ́ṣáláṣí.