Bí Yíya Ilé fún Àdúgbò Ṣe Di Iṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Èkó

Kí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní yíya àwòrán ilé ní Èkó, àwọn ọmọ iṣẹ́ ti wà ní Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti Bùràsíìlì padà wá sí Èkó, tí wọ́n ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn. Lónìí, wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú kíláàsì pé kó lọ bá ará àdúgbò, kó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́, kó tó fọwọ́ kan bébà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òkè òkun ni àṣà yìí ti wá. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Apá kan rẹ̀ ti òkè òkun wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ìsàlẹ̀ Èkó ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, ó sì yẹ ká mọ ibi tí okùn náà ti já.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti agbo ilé. Bí baálé bá fẹ́ fi yàrá kún ilé láyé àtijọ́, kò sí pé wọ́n ń ya àwòrán. Wọ́n á fi okùn àti ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, àwọn ọkùnrin á po amọ̀, ará àdúgbò á wá bá wọn ṣe ọ̀wẹ̀, onílé á sì wá oúnjẹ àti ẹmu sílẹ̀. Ẹni tó máa sùn nínú yàrá náà wà lórí ìdúró nígbà tí wọ́n ń wọn ilẹ̀. Ojú agbolé tó wà láàárín kì í ṣe àyè tó kàn ṣẹ́kù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣègbéyàwó, ibẹ̀ náà ni àwọn àgbà ti ń parí ìjà. Bí ojú agbolé bá há jù, gbogbo ilé ló máa mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ ìnáwó àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dì ní Bàhíà lọ́dún 1835, àwọn èèyàn wa tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Àwọn mìíràn ti Kúbà wá. Àwọn ni à ń pè ní Àgùdà. Èyí tó bọ́ sí Èkó nínú wọn tẹ̀dó sí agbègbè ibi tí Òpópónà Bámgbóṣé àti Campos Square wà lónìí, bíríkìlà àti káfíńtà sì pọ̀ láàárín wọn. Àwọn ló mú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alárà wá: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ tí ará àdúgbò ti ń rajà.

Ẹ lọ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Òpópónà Martins. Mohammed Shitta, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sàró tó wá di gbajúmọ̀ oníṣòwò l'Ékòó, ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. João Baptista da Costa, ọ̀gá bíríkìlà láàárín àwọn Àgùdà, ló ṣe kòkáárí iṣẹ́ náà, Sanusi Aka tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí sì bá a ṣe é. Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i níṣojú Gómìnà Gilbert Carter, Sultan ilẹ̀ Tọ́kì sì rán aṣojú wá láti fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Ojú ilé yẹn jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bùràsíìlì, bẹ́ẹ̀ àwọn Mùsùlùmí Èkó ló ń kírun níbẹ̀ títí dòní. Ọgbọ́n tó ti òkè òkun bọ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ ọ àti àwọn tó ń lò ó jọ ń gbé erékùṣù kan náà ni. Bí ògiri bá là, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ̀yìn irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ máa ń tò sí. Ọmọ á kọ́kọ́ ru amọ̀ àti omi, á mọ bí wọ́n ṣe ń to bíríkì kó gún, á wá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọnà sí òkè fèrèsé, títí ọ̀gá á fi tú u sílẹ̀ pé kó lọ dá dúró. Ilé ẹ̀kọ́ ayàwòrán-ilé àkọ́kọ́ l'Ékòó nìyẹn. Èmi ò mọ orúkọ míì tí mo lè pè é.

Àjàkálẹ̀ àrùn ló bẹ̀rẹ̀ ohun tó já okùn náà. Ní 1924, àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó, ó sì pààyàn. Lọ́dún 1928, ìjọba amúnisìn dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀, LEDB tí gbogbo èèyàn mọ̀, pé kó tún ìlú tò. Àwọn ló wó àdúgbò Oko-Awo, àwọn ló la àdúgbò tuntun sí Yábàá. Nígbà tó di 1955, wọ́n kọjú sí àárín gbùngbùn Ìsàlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀. Nǹkan bí éékà 70 ni wọ́n fẹ́ wó, kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kó lọ sí ilé tuntun ní Súúrùlérè.

Àwòrán ilé Súúrùlérè mọ́ tónítóní: ilé tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, títì tó gún, omi ẹ̀rọ. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣèwádìí nípa ìgbésí ayé ẹbí, lọ bá àwọn èèyàn nílé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti ní Súúrùlérè ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ohun tó bá níbẹ̀ ń dunni. Àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé ti pàdánù oníbàárà wọn. Ẹbí tó wà lójú kan tẹ́lẹ̀ ti fọ́n ká, ẹni tó bá fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá owó ọkọ̀. Ìwọ̀n yàrá wọn péye o. Ojú agbolé ni kò sí nínú àwòrán náà. Kò sí bó ṣe lè wà níbẹ̀, nígbà tí ẹni tó yà á kò jókòó sínú agbo ilé kankan kó tó mú pẹ́ńsù.

Àsìkò yẹn gan-an ni iṣẹ́ wa, ìyẹn yíya àwòrán ilé, wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1952, ní Nigerian College of Arts, Science and Technology, wọ́n sì gbé e lọ sí Zaria ní 1955. Ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé Nàìjíríà fìdí múlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 1960. Yunifásítì Èkó náà dara pọ̀ nígbà tó yá. Ohun ìyìn ni gbogbo rẹ̀, torí ilé ẹ̀kọ́ ló jẹ́ ká mọ ìwọ̀n ẹrù tí òpó lè gbé àti bí atẹ́gùn ṣe ń gba inú ilé kọjá. Ṣùgbọ́n ó tún mú kó ṣeé ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi odindi sáà kan jókòó ti T-square, igi tí a fi ń fa ìlà, kó máa ya gbọ̀ngàn fún ẹni tí kò rí rí. Ọmọ iṣẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ilé ń wò ó láti àárọ̀ dalẹ́.

Lọ́dún 1979, Lateef Jakande di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó. Nígbà yẹn, àwọn ọmọ kan ń lọ sílé ìwé láàárọ̀, àwọn mìíràn ń lọ lọ́sàn-án, torí kíláàsì kò tó. Jakande kọ́ kíláàsì káàkiri ìpínlẹ̀, ó sì fòpin sí i. Àwọn alátakò ní ilé adìyẹ ló kọ́. N kò ní sọ pé àwọn ilé náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ fi wọ́n ṣẹ̀sín, kó kọ́kọ́ lọ bá ìyá tọ́mọ rẹ̀ ń lọ sílé ìwé lọ́sàn-án nígbà náà sọ̀rọ̀.

Lókè òkun, ní 1967 ni Charles Moore, olùkọ́ yíya àwòrán ilé ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó akẹ́kọ̀ọ́ jáde láti lọ kọ́ ilé. Ilé ìpàdé àdúgbò ní New Zion, Kentucky, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Samuel Mockbee àti D.K. Ruth dá Rural Studio, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ ilé fún àwọn ará ìgbèríko, sílẹ̀ ní Alabama ní 1993. Èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni ti Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣì jẹ́ ní Berlin nígbà tó tu owó jọ, tí òun àti àwọn ará abúlé rẹ̀ sì fi bíríkì alámọ̀ kọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó parí ní 2001. Ní 2022, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn tó lókìkí jù fún ayàwòrán-ilé lágbàáyé, òun sì ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Gando yẹn, bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é.

Okùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í so padà níbí. Ní 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún, wọ́n ṣí ọgbà ìgbafẹ́ Freedom Park sí ojú ibi tí ẹ̀wọ̀n Broad Street wà tẹ́lẹ̀. Theo Lawson ló ya á, ó sì jẹ́ kí ipa àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n hàn nílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń so èèyàn kọ́ ti di orí ìtàgé.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ti Màkòkó. Àwọn Ẹ̀gùn apẹja ló pọ̀ jù níbẹ̀, orí òpó igi ni ilé wọn wà lójú ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì fi ń rìn. Ilé ìwé tí wọ́n ní wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n rọ́ sínú omi, àgbàrá sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ní oṣù Keje 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ wá wó ilé níbẹ̀. Kúnlé Adéyẹmí, tó kàwé jáde ní Yunifásítì Èkó, bá àwọn ará Màkòkó kọ́ ilé ìwé tó léfòó: dúrọ́ọ̀mù ike 256 nísàlẹ̀, pákó àti ọparun lókè, àjà mẹ́ta tó fẹ̀ nídìí tó sì ṣóńṣó lórí kí atẹ́gùn má baà dà á nù. Ó parí ní 2013. Àwòrán rẹ̀ rin gbogbo ayé já, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa tí kò yà á wò sínú ìwé rẹ̀.

Ní May 2016, ẹ̀dà rẹ̀ kejì gba ẹ̀bùn Silver Lion níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ayàwòrán-ilé àgbáyé ní Venice, ní Ítálì. Ní ọjọ́ keje oṣù June, òjò ńlá rọ̀ ní Èkó, ti Màkòkó sì wó lulẹ̀. Ọpẹ́ ni pé wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ ṣáájú. Ní September ọdún kan náà, wọ́n wó Ìlọ́jọ̀ Bar ní Tinubu, ilé Àgùdà tó ti wà láti 1855 tí ìjọba àpapọ̀ sì ti kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Méjì nínú àwọn ilé tí à bá máa mú tépù lọ wọ̀n lọ lọ́dún kan ṣoṣo. Ó dùn mí gan-an.

Láti ìgbà yẹn, ìbéèrè kan wà tí mi ò jẹ́ kó wọ́n lẹ́nu mi bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ kalẹ̀ níwájú jury, ìyẹn àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò: ta ló máa tọ́jú ilé náà? Ta ni kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló sì máa pààrọ̀ pákó tó bá jẹrà? Ìbéèrè yìí ni kò sí ẹni tó nílò láti bi Sanusi Aka. Ilé kò bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ nígbà náà.

Ní sáà yìí, ibi ìyan-ẹja ni mò ń yà fún àwọn obìnrin ní etí omi Ìwàyà. Mo gbé àwòrán àkọ́kọ́ lọ bá wọn, mo tẹ́ ẹ sórí àga. Màmá kan fi ìka tẹ ibi tí mo to àwọn ààrò sí, ó ní, “Ọmọ mi, nígbà òjò, ojú ọ̀sà ni èéfín máa gbà lọ níbi tó o fi í sí yìí, ó dáa. Tí ọyẹ́ bá dé ńkọ́? Inú yàrá wa ló ń bọ̀.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn jiyàn lórí ẹni tí ilé rẹ̀ máa gba èéfín jù. Mo mú pẹ́ńsù, mo sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ ya tirẹ̀ gbà á. Ìyá náà fa ìlà méjì, ààrò òjò lápá kan, ààrò ọ̀gbẹlẹ̀ lápá kejì, pẹ̀lú ògiri kan tó ga láàárín. Orí ìlà tirẹ̀ ni mò ń ṣiṣẹ́ báyìí, wọ́n sì ti yan ẹni tí ìtọ́jú páànù àti ògiri máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ara wọn, kí n tó bi wọ́n.