Ohun tí Dìgírì nínú Iṣẹ́ Ọnà Orí Kọ̀ǹpútà Jẹ́

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ nílé, ní Kàbbà, pé iṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà ni òun fẹ́ kà ní yunifásítì, ìbéèrè tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé ohun tí àwọn tó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó lẹ́bàá ọjà fi oṣù mẹ́ta kọ́ náà ni ọmọ òun yóò máa fi ọdún 4 kọ́. Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn sì yẹ ẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí nílẹ̀ Okun ló ń bi ara wọn ní ohun kan náà nígbà tí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti jáde.

Iṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn yunifásítì kan ń pè ní Creative Digital Design, ni ìmọ̀ bí a ṣe ń fi àwòrán, lẹ́tà, àwọ̀ àti àwòrán tó ń rìn gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, ìbáà jẹ́ lójú fóònù, lójú kọ̀ǹpútà tàbí lórí bébà, kí ẹni tí a ṣe é fún lè lóye rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan dúró tì í láti ṣàlàyé. Abẹ́ rẹ̀ ni pósítà wà, abẹ́ rẹ̀ ni lógò wà, bẹ́ẹ̀ náà ni títo ojú ewé ìwé àti títo ojú áàpù tí a fi ń fowó ránṣẹ́. CorelDRAW tí ó jáde ní 1989 àti Photoshop tí ó jáde ní 1990 jẹ́ irinṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí a ti ń di àáké mú kò tíì di gbẹ́nàgbẹ́nà. Ohun tí dìgírì yìí ń kọ́ni gan-an ni bí a ṣe ń ṣe ìpinnu: ta ni yóò wo iṣẹ́ yìí, níbo ni yóò ti wò ó, kí ni a sì fẹ́ kí ó rí kọ́kọ́?

Nígbà ìsìnkú ìyá wa àgbà, ilé ìtẹ̀wé kan ló ṣe bánà tí a fi kọ́ ẹnu ọ̀nà. Àwòrán tí a fún wọn ni èyí tí ẹbí kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, níbi tí ìyá wa ti jókòó láàárín ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Wọ́n gé ojú ìyá nìkan jáde, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ dé ẹsẹ̀ bàtà 3. Lójú fóònù, ó dára, gbogbo wa ni a sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí bánà dé ní ìdájí ọjọ́ ìsìnkú, ojú ìyá ti di bàìbàì, ó fọ́ sí igun mẹ́rin kéékèèké, débi pé àbúrò ìyá wa tó ti Ìsánlú wá dúró síwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó béèrè ẹni tí a yà síbẹ̀. Ó dùn mí títí di òní. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kò ṣe ọ̀lẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì yá lórí Corel ju ọwọ́ tèmi lọ, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ láti béèrè.

Ohun náà ni iye pixel. Bí ènìyàn bá dúró lókèèrè wo aṣọ òfì, ilà àti ọnà ni yóò rí. Bí ó bá sún mọ́ ọn, òwú ni yóò rí, òwú kan kì í sì í ju àwọ̀ kan lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwòrán inú kọ̀ǹpútà ṣe rí. Pixel ni igun mẹ́rin tó kéré jù nínú àwòrán, àwọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè gbé. Ní 1957, Russell Kirsch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ ka fọ́tò ọmọ rẹ̀ tó ṣì kéré sínú kọ̀ǹpútà, àwòrán náà sì jẹ́ pixel 176 ní ìbú àti 176 ní òró, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30,976. Fóònù òde òní ń ya pixel tó ju mílíọ̀nù mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n WhatsApp máa ń dín in kù kí ó lè tètè lọ. Nígbà tí a gé ojú ìyá kúrò láàárín èrò, pixel 150 péré ló kù ní ìbú. Ẹsẹ̀ bàtà 3 jẹ́ ínǹṣì 36. Bí a bá pín 150 sí ọ̀nà 36, díẹ̀ ló fi ju pixel 4 lọ nínú ínǹṣì kan. Èyí túmọ̀ sí pé pixel kọ̀ọ̀kan lórí bánà wa fẹ̀ tó mìlímítà 6, ó súnmọ́ ìwọ̀n hóró àgbàdo. Ìwé tí a ń fọwọ́ mú kà nílò bíi 300 nínú ínǹṣì kan. Bánà tí a ń wò láti títì kò nílò tó bẹ́ẹ̀, nítorí ojú kì í rí hóró láti òkèèrè. Nítorí náà, kì í ṣe títóbi bébà nìkan ló ń pinnu iye tí a nílò, ibi tí ẹni tó ń wò dúró sí náà wà níbẹ̀. Irú ìbéèrè báyìí ni ọmọ tó lọ kọ́ iṣẹ́ yìí yóò máa bi ara rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Irú àwòrán kejì wà tí a ń pè ní vector, tí kò ní pixel rárá. Ìlà àti ibi tí ìlà ti tẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń fi ìṣirò rántí, nítorí náà bí a bá fẹ̀ ẹ́ tó ilé, kò ní fọ́. Pierre Bézier, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Renault ní ilẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tó mú ìlà títẹ̀ onísirò yìí wọ iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n ń fi í ya ara ọkọ̀. Lógò àti lẹ́tà ni ó yẹ jù.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ jinlẹ̀ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ìmọ́lẹ̀ ni ojú fóònù fi ń ṣe àwọ̀: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpele 256, èyí tó fún wa ní àwọ̀ 16,777,216. Ilé ìtẹ̀wé kò ní ìmọ́lẹ̀. Yíǹkì mẹ́rin ni wọ́n ń dà pọ̀, yíǹkì kò sì lè tàn bí iná. Ẹ mú aṣọ ipò, aṣọ pupa tí àwọn ará Bùnú ń hun fún ìsìnkú àwọn ènìyàn ńlá. Bí a bá yà á sórí fóònù, pupa rẹ̀ á máa jó bí iná. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà láìṣe àtúnṣe, ó lè di àwọ̀ bíríkì. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń tún un ṣe, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí pupa náà ń sọ lọ́dọ̀ wa, kí ó má baà lọ fi í ṣe ẹ̀yìn káàdì ọjọ́ ìbí ọmọdé.

Ti lẹ́tà ló ká mi lára jù. Lórí bánà kan náà, a kọ orúkọ Ọlọ́run, àmì orí ọ́ sì bọ́, ó lọ gúnlẹ̀ sórí r. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú Unicode, ìlànà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń mọ lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àmì ohùn ni a ń fi kún lẹ́tà lẹ́yìn tí a ti tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí tí a fún àwọn lẹ́tà, ló gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àmì náà yóò jókòó sí, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ẹlẹ́wà ni a sì ṣe láìrántí wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́tà dáadáa yóò tẹ ẹ̀, ọ́ àti ṣ wò nínú fọ́ǹtì kí ó tó yàn án, yóò sì lè ṣe tirẹ̀ bí kò bá rí èyí tó dára.

Ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Pẹ́ńsù àti bébà ni ọdún kìíní, ọwọ́, àga, igi, ìkòkò, títí ojú yóò fi mọ bí a ṣe ń wo nǹkan. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ yóò máa gbé iṣẹ́ fún wọn bí oníbàárà ṣe ń gbé e wá, tí wọn yóò lẹ ohun tí wọ́n ṣe mọ́ ògiri, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yóò sì máa béèrè ìdí tí lẹ́tà yìí fi tóbi ju ìyẹn lọ, tàbí ìdí tí ojú fi kọ́kọ́ lọ sí igun òsì. Mo gbà pé ohun tó níye lórí jù nínú dìgírì yìí ni ògiri yẹn, nítorí pé kò sí fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó lè bi ọmọ ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 3 ni wọ́n sábà fi ń kà á. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ náà kò wọ́pọ̀. Abẹ́ ẹ̀ka Industrial Design ni a ti lè bá ìmọ̀ tó súnmọ́ ọn ní Ahmadu Bello ní Zaria tàbí ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà sì wà ní Pólì Auchi àti ní Yaba College of Technology ní Èkó, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1947.

Kì í ṣe dìgírì nìkan ni ọ̀nà. Nike Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà tí a bí ní Ògìdì ní Ìjùmú ní 1951, kò gba yunifásítì dé ibi tó dé. Láàárín àwọn ìyá tó ń hun aṣọ tí wọ́n sì ń pa á láró ló ti kọ́ iṣẹ́, ó sì ti dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ògìdì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ní ẹni tó jókòó tì í, tó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò tíì wọ yunifásítì, àmọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń béèrè àkójọ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ kí wọ́n tó gbà á, nítorí náà a ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá fọ́tò ìyá wa gidi rí nínú àpótí, èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 4, ó fi ẹ̀rọ kà á ní pixel 600 sí ínǹṣì, ó sì rí 2,400. Lórí bánà ẹsẹ̀ bàtà 3 kan náà, ó lé ní 66 nínú ínǹṣì, èyí tó tó fún ẹni tó ń bọ̀ láti títì. Ó ṣe bánà ìrántí tuntun, ojú ewé kìíní àkójọ rẹ̀ sì nìyẹn. Abẹ́ rẹ̀ ló kọ ìdí tí ó fi yan fọ́ǹtì náà sí, iye pixel àwòrán, àti ibi tí ó rò pé ènìyàn yóò dúró sí láti wò ó.