Ìparí sáà eré ọ̀daràn ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìparí sáà eré ọ̀daràn ni ìpín tí ó kẹ́yìn nínú ọ̀wọ́ ìpín kan nínú eré alátẹ̀léra tí ó dá lórí ìpànìyàn, olè jíjà, jìbìtì tàbí iṣẹ́ ọlọ́pàá. Bí ìpín yìí bá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìyanjú, tí kò sì tíì dájú pé sáà mìíràn yóò tẹ̀lé e, àwọn òǹwòran a máa jiyàn lé e lórí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àpilẹ̀kọ yìí sọ bí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ṣe rí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àti ìtàn eré ṣíṣe tí ó ṣáájú rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò

"Síísìn" ni ọ̀pọ̀ ń pe sáà. Àwọn àgbà a máa pè é ní "apá". Ẹni tí ìtàn dá lé lórí ni "áktọ̀", olórí àwọn ọ̀daràn sì ni "bọ́ọ̀sì". Òfin kan wà tí gbogbo ọmọ tí ó wo fíìmù dàgbà mọ̀: áktọ̀ kì í kú. Eré ọ̀daràn òde òní a máa rú òfin yìí, ní ìpín ìparí gan-an sì ni ó sábà máa ń rú u.

Ìtàn tí ó ní òpin

Nínú ààlọ́ Yorùbá, apààlọ́ kì í fi ìtàn sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Ó ní ọ̀rọ̀ tí ó fi ń pa á dé: "Ìdí ààlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí ààlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà." Yóò wá fi agogo ẹnu rẹ̀ búra pé bí òun bá purọ́, kí ó má ró, ẹnu yóò dún pó, pó, pó, ilé yóò sì túká. Ó jọ pé ibẹ̀ ni eré ìtàgé arìnrìnàjò ti jogún ìwà pípa ìtàn dé kí òǹwòran tó dìde.

Ẹni tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Hubert Ògúndé, tí wọ́n bí ní Òsósà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde ní 1916. Ó ṣe olùkọ́, ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941, aṣọ ọlọ́pàá sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ó gbé eré àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní Èkó ní 1944 fún ìjọ Aládùúrà kan. Àwọn tí ó kọ ìtàn eré ìtàgé kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá yìí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń ronú nípa eré ọ̀daràn ní Ìjẹ̀bú fiyè sí i. Alẹ́ eré Ògúndé ní orin àti ijó tí àwọn òṣèré ń pè ní "glee": ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ní ìparí. Ti ìparí ni ó ń sọ ohun tí eré náà kọ́ni. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò béèrè pé kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dádá. Wọ́n ti rí i pẹ̀lú ojú wọn.

Nígbà tí Ògúndé bọ́ sínú fíìmù, ó ṣe nǹkan mìíràn. Ayé jáde ní 1979, Jáiyésinmi sì tẹ̀ lé e ní 1980 láti máa bá ìtàn náà lọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó wo Ayé nìkan rí ìtàn tí ó parí. Ìlànà yìí, kí ìtàn parí ṣùgbọ́n kí ilẹ̀kùn má tì pa, ni òǹkọ̀wé yìí kà sí èyí tí ó bá òǹwòran agbègbè náà lára mu jù. Ògúndé kú ní ọjọ́ 4 Oṣù Kẹrin 1990. Àwọn àlejò ṣì ń lọ wo ilé àti ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ ní Òsósà.

Tẹlifíṣọ̀n dé ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹwàá 1959, nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣí WNTV ní Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, ni olórí ìjọba ẹkùn náà nígbà náà. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré arìnrìnàjò rí àyè lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán láìpẹ́, òǹwòran sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ṣe ń dúró de ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀.

"Ẹ máa retí apá kejì"

Fíìmù kàsẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́ wọn ní ìdúró gan-an. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn òṣèré Yorùbá ti ń ya eré sórí fídíò, nígbà tí ó sì yá, ó di àṣà kí wọ́n gé ìtàn kan sí méjì. Apá kìíní a dúró níbi tí ọwọ́ ọlọ́pàá fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ọ̀daràn, tàbí níbi tí ìyàwó ṣí ilẹ̀kùn tí ó sì lọgun, ìkọ̀wé yóò wá jáde lójú amóhùnmáwòrán pé kí a máa retí apá kejì. Ìdúmọ̀tà ní Èkó ni ọjà fíìmù wọ̀nyí, Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde kò sì jìnnà sí Èkó.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú sáà òde òní. Wọ́n sábà máa ń ya apá kejì pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́ ni. Òǹtajà ní in nílẹ̀, tàbí yóò dé láìpẹ́. Owó nìkan ni ó wà láàárín òǹwòran àti òpin ìtàn. Ẹni tí àṣà yìí tọ́ dàgbà gbà pé ìyókù ìtàn wà níbì kan. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún un pé wọn kò tíì kọ sáà tí ó kàn, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n má kọ ọ́ rárá, ohun tí ó gbọ́ ni pé wọ́n ta ọjà tí kò pé fún òun. Ó ṣeé ṣe kí èyí ṣàlàyé ìdí tí ìbínú lórí ìparí tí kò parí fi máa ń le ju ìbínú lórí eré tí kò dára lọ.

Bí àríyànjiyàn ṣe ń lọ

Ilé onígbàjámọ̀, ṣọ́ọ̀bù onírun, yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè àti Ìlíṣàn, àti ibi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń dúró de èrò ni ọ̀rọ̀ náà ti ń gbóná. Àkọ́kọ́ ni òfin ẹnu: ẹni tí kò tíì wò ó a pariwo pé kí wọ́n má sọ ọ́ fún òun. Ọmọ kékeré kò lè pa ẹ̀gbọ́n lẹ́nu mọ́, nítorí náà òun ni yóò bọ́ síta bí ẹ̀gbọ́n bá ń sọ ẹni tí ó kú.

Ìjà tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti òkú tí a kò rí. Ìbọn dún, ojú ìran ṣókùnkùn, ìpín parí. Àwọn kan á ní bọ́ọ̀sì ti kú. Àwọn mìíràn á ní ta ló rí òkú rẹ̀? Láti orí ìbéèrè yìí ni wọ́n ti ń bọ́ sórí ti sáà tuntun: bí wọn kò bá fi òkú hàn, a jẹ́ pé wọ́n ṣì nílò òṣèré náà. Èrò tí ó mọ́gbọ́n dání ni, àmọ́ kò fi dandan jẹ́ òótọ́. Òǹkọ̀wé eré lè fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bóyá owó yóò wà.

Àwọn àgbà sábà máa ń fi ẹ̀san wọn ìparí: ṣé ọ̀dádá jẹ́wọ́, ṣé ìyà jẹ ẹ́? Àwọn ọ̀dọ́ a máa wò ó bóyá ìtàn kò ta ko ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí àti àgbà àti ọmọdé ni inú ń bí sí ọlọ́pàá inú eré tí ó gba rìbá tí ó sì mú un jẹ.

Ohun tí ó ń pinnu sáà tuntun

Ariwo òǹwòran kọ́ ni ó ń pinnu rẹ̀. Iye ènìyàn tí ó wo eré, iye tí ó wò ó dé òpin, owó tí ó ná wọn àti àdéhùn àwọn òṣèré ni. Netflix, ilé iṣẹ́ tí ó ń fi eré àti fíìmù hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń fi wíwò ọjọ́ 91 àkọ́kọ́ to àwọn eré rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù láti 2023.

Àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀ ni The Killing ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n mú láti inú eré Denmark kan. Sáà kìíní rẹ̀ parí ní Oṣù Kẹfà 2011 láìsọ ẹni tí ó pa ọmọbìnrin tí gbogbo ìtàn dá lé lórí, inú sì bí àwọn òǹwòran gidigidi. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n AMC pa eré náà tì ní 2012, ó tún gbé e padà ní 2013, ó tún pa á tì. Netflix ni ó ṣe sáà kẹrin tí ó fi parí ní 2014. Mindhunter, eré ọ̀daràn mìíràn ti Netflix, kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà: sáà kejì rẹ̀ jáde ní 2019, ní 2020 wọ́n tú àwọn òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ nínú àdéhùn, olùdarí rẹ̀ sì sọ lẹ́yìn náà pé owó rẹ̀ pọ̀ ju iye òǹwòran rẹ̀ lọ.

Ní Nàìjíríà

Netflix dé Nàìjíríà ní 2016. King of Boys tí Kémi Adétiba darí jáde gẹ́gẹ́ bí fíìmù ní 2018. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Ẹniọlá Sàlámì, olórí ọ̀daràn inú fíìmù náà tí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe, padà wá nínú eré oníìpín méje. To Kill a Monkey, oníìpín mẹ́jọ, láti ọwọ́ olùdarí kan náà, jáde ní Oṣù Keje 2025, ó sì dá lórí jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Prime Video, ilé iṣẹ́ mìíràn tí ó jọ Netflix, ní tirẹ̀ dáwọ́ dúró lórí ṣíṣe eré tuntun ní Áfíríkà ní Oṣù Kìíní 2024.

Dátà wọ́n, nítorí náà ọ̀pọ̀ òǹwòran ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kì í wo eré wọ̀nyí níbi tí wọ́n ti gbé e jáde. Wọ́n a san owó díẹ̀ fún ẹni tí ó ń da fíìmù sínú mẹ́mọ́rì fóònù, wọ́n a sì wo gbogbo sáà kan ní alẹ́ kan bí iná bá wà. Wíwò bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìṣirò ilé iṣẹ́ kankan. Àwọn tí ó ń jiyàn jù pé kí eré padà wá lè jẹ́ àwọn tí a kò kà mọ́ òǹwòran rẹ̀.

Nínú ìwé

Ìwé ìtàn ọ̀daràn ní èdè Yorùbá ti ní sáà kejì tipẹ́. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, nípa Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìn tì tí ó ń tọpinpin ọ̀daràn. Lápàdé tún jáde nínú Àgbàlagbà Akàn ní 1971.