C of O Kì í Ṣe Ìwé Àṣẹ Ìkọ́lé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó gbà pé ẹni tí ó bá ti gba C of O (Certificate of Occupancy, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀) lórí ilẹ̀ rẹ̀ lè kọ́ ohun tó wù ú síbẹ̀, ìbáà ṣe ilé ìtura tàbí ilé epo. Ìgbàgbọ́ yìí ti sọ owó ọ̀pọ̀ ìdílé di òfò, ó sì yẹ kí a tú iṣu ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Òfin ìlò ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa mójú tó o fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. C of O ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀tọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ múlẹ̀ láti lo ilẹ̀ náà fún iye ọdún kan, tí ó sábà máa ń jẹ́ 99. Kódà, inú ìwé náà gan-an ni wọ́n sábà máa ń kọ ohun tí a gbà kí a fi ilẹ̀ náà ṣe sí, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ka ojú ewé wọ̀nyẹn kò pọ̀.

Ètò ìlú ni ó ń sọ irú ilé tí ó yẹ ibì kan. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀, èyí tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ni ó mú kí ìjọba amúnisìn dá àjọ LEDB (Lagos Executive Development Board) sílẹ̀ ní 1928 láti tún àwọn àdúgbò tí ilé ti há mọ́ra ṣe. Lónìí, ètò bíi ti Ìkẹjà, tàbí ti Ìkòyí pẹ̀lú Victoria Island, ń pín ilẹ̀ sí ti ibùgbé, ti ìṣòwò àti ti ìgbafẹ́. Ó ń sọ iye àjà tí ilé lè ní, àyè tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà aládùúgbò, ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí, àti ọ̀nà tí omi òjò yóò gbà dé ọ̀sà. Bí ẹnìkan bá kọ́ ilé alájà mẹ́jọ sí àdúgbò tí a ṣe gọ́tà rẹ̀ fún alájà méjì, gbogbo àdúgbò ni yóò jìyà rẹ̀.

Ìdí nìyí tí onílẹ̀ fi gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé lọ́dọ̀ LASPPPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tí ń fúnni ní ìwé náà, tí LASBCA, àjọ ìpínlẹ̀ tí ń mójú tó ilé kíkọ́, yóò sì máa yẹ iṣẹ́ náà wò bí ó ti ń gòkè. Sísọ ilé gbígbé di ṣọ́ọ̀bù pàápàá ń fẹ́ àṣẹ. Lóòótọ́, àdúgbò ibùgbé ni Victoria Island tẹ́lẹ̀, kí báńkì tó kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àtúnṣe ètò ni ó yẹ kí ó máa yí àdúgbò padà, kì í ṣe ìpinnu onílé kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan tún ń sọ pé C of O ìjọba àpapọ̀ yọ àwọn kúrò lábẹ́ òfin Èkó. Ṣùgbọ́n Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dájọ́ ní 2003 pé ìpínlẹ̀ ni ó ni àṣẹ lórí ètò ìlú.

Ní Lẹ́kí, nígbà tí ìjọba wó àwọn ilé tí ó wà lójú àwọn ọ̀nà omi tí ìjọba ń pè ní System 156 àti 157, àwọn onílé kan sọ pé ìwé wà lọ́wọ́ àwọn. Ó dun ni púpọ̀, èmi sì gbà pé òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi ju ẹni tí ó ra ilẹ̀ lọ.

Kí a tó sanwó ilẹ̀, ó yẹ kí sọ̀fíyọ̀ bá wa yẹ sọ́fè rẹ̀ wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa, kí a lè mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, kí a béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ètò ìlú ohun tí ètò sọ nípa òpópónà náà gan-an, kí ayàwòrán ilé tó fa ìlà kankan.